Bàlúù Oníná Lójú Òru

Ọ̀rọ̀ orí rédíò fún àwọn olùgbọ́ Yorùbá ní Onitsha àti agbègbè rẹ̀

  

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lálẹ́ òní lè dà bí eré ọmọdé létí àwọn àgbà: bàlúù kékeré tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ kàn, tó ń fi rìmóòtù darí, tó sì to iná sí lára kó lè máa fò lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ẹni tó bá pè é ní eré kò parọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ṣe é dáadáa yóò kọ́ nípa iná mànàmáná, yóò kọ́ nípa afẹ́fẹ́, yóò kọ́ nípa ojú ara rẹ̀, yóò sì bá òfin ìjọba pàdé lọ́nà. Àgbà wo ló wá lè sọ pé irú eré bẹ́ẹ̀ kò tó òun ṣe?

Ẹ jẹ́ ká ti ibi tó ti le bẹ̀rẹ̀. Lọ́sàn-án, ara bàlúù ni ẹni tó di rìmóòtù mú ń wò. Ó ń rí imú rẹ̀, ó ń rí ìrù, ó ń rí i nígbà tí ìyẹ́ kan bá rẹlẹ̀ ju èkejì lọ, ọwọ́ rẹ̀ á sì ti tún un ṣe kó tó rò ó. Bí ilẹ̀ bá ṣú, gbogbo ìyẹn ti lọ. Ohun tó kù lókè kò ju iná wínníwínní mélòó kan lọ. Bí àwọn iná náà bá jẹ́ aláwọ̀ kan ṣoṣo, tí wọ́n kàn tò yí bàlúù ká láìlétò, bàlúù á dára wò, àwọn ọmọ á pàtẹ́wọ́, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi forí sọlẹ̀. Ẹni tó ń darí rẹ̀ kò mọ̀ bóyá ó ń lọ ni tàbí ó ń bọ̀, bóyá ikùn ló kọ sílẹ̀ ni tàbí ẹ̀yìn. Nítorí náà, mo máa ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ tó bá bi mí pé kí wọ́n má tíì ra iná kankan. Kí wọ́n kọ́kọ́ mú pépà, kí wọ́n ya bàlúù náà, kí wọ́n sì kọ ohun tí iná kọ̀ọ̀kan yóò máa sọ fún wọn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Iná tí kò bá ní ohun tó ń sọ, ẹrù lásán ni.

Àwọn bàlúù ńlá ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́, ọwọ́ àwọn ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n sì ti kọ́ ọ. Iná pupa ń bẹ ní ṣóńṣó ìyẹ́ òsì, iná aláwọ̀ ewé ní ṣóńṣó ìyẹ́ ọ̀tún, iná funfun ní ìrù. Ẹ wo òkè nígbà míì tí bàlúù kan bá ń kọjá lálẹ́, ẹ ó rí i. Bí bàlúù bá ń lọ kúrò lọ́dọ̀ yín, pupa yóò wà lápá òsì yín. Bí ó bá yíjú padà tó ń bọ̀, pupa á bọ́ sápá ọ̀tún yín. Ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti máa ń dàrú mọ́ èèyàn lójú, torí pé ọ̀tún bàlúù ti di òsì tiyín. Ọgbọ́n kan wà tí àwọn tó ti pẹ́ nídìí rẹ̀ ń lò: bí bàlúù bá kọjú sí yín, ìyẹ́ tí ẹ bá rí pé ó rẹlẹ̀, apá ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti igi rìmóòtù sí. Ìyẹ́ náà á dìde. Ẹ ò ní í ronú ọ̀tún, ẹ ò ní í ronú òsì.

Àmì mẹ́ta yẹn kò tó bàlúù kékeré ṣá. Bàlúù ńlá kì í dédé dojú bolẹ̀, bàlúù eré a máa ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ abẹ́ rẹ̀ ní láti yàtọ̀ sí ti orí. Ẹ lè to funfun sí abẹ́ ìyẹ́ látòkèdélẹ̀, kẹ́ ẹ fi pupa àti àwọ̀ ewé sí etí iwájú, kẹ́ ẹ sì fi ìlà kan ṣoṣo gba ẹ̀yìn àgbá rẹ̀ lọ dé ìrù. Ẹni tó bá rí funfun gbalaja mọ̀ pé abẹ́ ni òun ń wò.

Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí èèyàn fi ìgbì rédíò darí níwájú gbogbo ayé náà ní iná lórí. Ọkọ̀ ojú omi kékeré ni. Onímọ̀ ẹ̀rọ kan, Nikola Tesla, ló gbé e wá sí gbọ̀ngàn Madison Square Garden ní New York lọ́dún 1898. Àwọn ènìyàn dúró yí adágún omi tó wà nínú gbọ̀ngàn náà ká, wọ́n ń bi ọkọ̀ náà ní ìbéèrè, iná rẹ̀ sì ń ṣẹ́jú ní ìdáhùn. Tesla ló ń ti ibi tó wà tẹ iná náà, àmọ́ àwọn kan gbà pé idán ni.

Ti bàlúù pẹ́ díẹ̀ kó tó dé. Lọ́dún 1937, ní Kalamazoo, ìpínlẹ̀ Michigan, àwọn arákùnrin méjì kan, Walter àti William Good, fò bàlúù kan tí wọ́n pè ní Big Guff. Ìbejì ni wọ́n, ẹ ò rí i pé Táyé àti Kẹ́hìndé kì í gbẹ́yìn. Ìyẹ́ rẹ̀ fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 8, àwọn fúnra wọn ni wọ́n sì ṣe rédíò tó wà nínú rẹ̀. Ó wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian lónìí. Rédíò ayé ìgbà yẹn wúwo, ó sì ń jẹ bátìrì. Èyí tó wà lọ́jà nísinsìnyí kò tó àpótí ìṣáná.

Ìgbì rédíò tó ń gbé ohùn mi wá sétí yín lórí FM ń mì bí ìgbà mílíọ̀nù 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, gígùn ìgbì kọ̀ọ̀kan sì tó nǹkan bíi mítà 3. Ti rìmóòtù òde òní ń mì ní ìgbà bílíọ̀nù 2.4, gígùn rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 12 àti ààbọ̀. Ìdí nìyẹn tí eriali rẹ̀ fi kúrú. Látijọ́, bí ẹni méjì bá tan rìmóòtù lórí ojú ìlà kan náà, bàlúù ọ̀kan nínú wọn ti já nìyẹn. Àwọn ẹgbẹ́ abàlúù-ṣeré ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń gbé pátákó sí pápá, ẹni tó bá fẹ́ fò á mú igi tí nọ́ńbà ojú ìlà rẹ̀ wà lára rẹ̀ dání kí ẹlòmíì má baà bọ́ sí i. Rìmóòtù ayé ìsinsìnyí ń fò láti ojú ìlà kan sí òmíràn fúnra rẹ̀, nítorí náà ọ̀pọ̀ ènìyàn lè fò pọ̀ láìsí ìjà. Àléébù tirẹ̀ ni pé kò fẹ́ràn ìdènà: bí ilé tàbí igi ńlá bá wà láàárín, ìgbì rẹ̀ lè má dé ọ̀dọ̀ bàlúù.

Ó wá yá, ibo ni a ó ti rí ohun èlò? Bí ìlú kan bá wà ní Nàìjíríà tí ẹnikẹ́ni ò ti gbọ́dọ̀ sọ pé òun kò rí nǹkan rà, Onitsha ni. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta tẹlifíṣọ̀n àti fíríìjì ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di ẹrù wọ̀nyẹn, tí wọ́n ń dà nù, ni ara bàlúù. Ẹ na wáyà tín-ín-rín, ẹ fi iná bátìrì mú un gbóná, ó máa gé fóòmù náà mọ́lẹ̀ láìfọ́. Kẹ́ ẹ ṣe é níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé o, èéfín rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò ni kẹ́ ẹ fi lẹ̀ ẹ́. Super glue lásán yóò jẹ ẹ́, ọ̀dà inú agolo tí wọ́n ń fín náà yóò jẹ ẹ́, bẹ́ntírò sì burú jù wọ́n lọ.

Fóòmù nìkan kò lágbára, ó nílò egungun. Àwọn tó ń ṣe bàlúù kékeré nílẹ̀ òkèèrè fẹ́ràn igi balsa, èyí tó ń ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá tó sì wọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ló tún ń ra awẹ́ pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní obeche, tí wọ́n ń fi bo ìyẹ́ fóòmù kó lè le. Arère wa yìí náà ni. Inú igbó wa ló ti ń lọ bá wọn, à ń fi í ṣe àjà ilé àti férémù níhìn-ín. Kẹ́ ẹ lọ bá àwọn onípákó, kí wọ́n bá yín la arère sí ọ̀pá tín-ín-rín, ẹ ó rí egungun ìyẹ́. Inú ọ̀pá ewé ọ̀gọ̀rọ̀ náà dára, ó fúyẹ́ gan-an. Àwọn ọmọdé abúlé ti ń fi í ṣe mọ́tò àti bàlúù ìṣeré tipẹ́, kò sẹ́ni tó kọ́ wọn.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, bàlúù tí ìyẹ́ rẹ̀ wà lókè orí ló dára, kí ìyẹ́ náà gùn ní mítà 1.2, kó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 20. Ìwúwo ni ọ̀gá nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Bí gbogbo rẹ̀ pátá, tòun ti mọ́tò iná àti bátìrì, bá wọn gíráàmù 900, yóò lè rọra fò ní bíi mítà 7 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́. Ìyẹn tó kìlómítà 25 ní wákàtí kan, ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lè bá a rìn. Bó bá wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó di dandan kó máa sáré kó tó lè dúró lókè, bàlúù tó bá ń sáré lóru kì í sì í fúnni láyè láti ronú. Ibi tó yẹ kó dọ́gba sí tún ṣe pàtàkì: ẹ fi ìka méjì gbé e lábẹ́ ìyẹ́, ní nǹkan bí ìdá mẹ́rin ìbú ìyẹ́ náà láti etí iwájú. Bí ìrù bá já, ẹ sún bátìrì síwájú. Ẹ má tíì gbé e fò títí yóò fi dúró gbọọrọ.

Ti iná, àwọn tó ń fi iná ṣe kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ́ṣọ̀ọ́ ti ṣe iṣẹ́ náà sílẹ̀ dè yín. LED oníbẹ́líìtì tí wọ́n ń tà ní mítà-mítà yẹn gan-an ni. Fóltì 12 ló ń lò. Bátìrì lithium onílé mẹ́ta, ìyẹn cell mẹ́ta, tí bàlúù ń lò jẹ́ fóltì 11.1, bó bá kún tán ó jẹ́ 12.6, nítorí náà ẹ lè so iná mọ́ ọn tààrà. Gbogbo LED mẹ́ta-mẹ́ta ni àmì wà tí ẹ lè ti fi síṣọ́ọ̀sì gé e. Ẹ yan èyí tí kò ní rọ́bà lórí, rọ́bà yẹn ẹrù ni. Irú tó ní LED kéékèèké 60 nínú mítà kan ń jẹ wáàtì 4.8. Mítà 4 yóò jẹ bí ámpìà 1.6. Bí mọ́tò iná bá ń jẹ ámpìà 10, bátìrì tí àwọn oníṣòwò ń pè ní 2200 tí ìbá gbé yín fún bí ìṣẹ́jú 13 yóò lo ìṣẹ́jú 11 nìkan. Ẹ má lò ó tán ṣá, ẹ sọ̀ kalẹ̀ nígbà tó bá ku ìdá márùn-ún rẹ̀.

Ẹ má lẹ iná yìí mọ́ ìta ìyẹ́. Ẹ gbẹ́ ojú ọ̀nà sínú fóòmù, ẹ tẹ́ ẹ síbẹ̀, ẹ fi fóòmù fẹ́lẹ́ bò ó. Gbogbo ìyẹ́ á mọ́lẹ̀ látinú wá bí abẹ́là nínú ìgò, ojú á sì rí odindi ìyẹ́ dípò àmì kéékèèké. Àǹfààní mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í kíyè sí. Bí bátìrì bá ń lọ sílẹ̀, tó ń sún mọ́ fóltì 10, LED onífóltì 12 á máa ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀. Bàlúù fúnra rẹ̀ ló ń sọ pé kẹ́ ẹ jẹ́ kí òun máa bọ̀ nílé.

Ojú tiwa wá ńkọ́? Ojú èèyàn nílò bí ìṣẹ́jú 20 sí 30 kó tó mọ òkùnkùn dáadáa. Bí ẹnì kan bá tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ fi iná pupa tí kò mọ́lẹ̀ jù wo ohun tó wà nílẹ̀, òun kì í da ojú rú tó bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ búlúù rẹwà lọ́jà, ṣùgbọ́n lóru ojú kì í lè mú un gún régé, ó máa ń rí bàìbàì. Ìtànjẹ kan sì wà tí àwọn awakọ̀ òfurufú mọ̀ dunjú: bí èèyàn bá tẹjú mọ́ iná kan ṣoṣo nínú òkùnkùn tó ṣú biribiri, iná náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lójú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò kúrò níbi tó wà. Ìdí nìyí tí bàlúù alẹ́ fi gbọ́dọ̀ ní iná tó pọ̀ tó láti fi ìrísí rẹ̀ hàn.

Jíjìnnà náà ń tanni. Iná kan kò lè sọ bó ṣe jìnnà tó, àmọ́ gígùn ìyẹ́ oníná lè sọ ọ́. Bí òṣùpá bá wà lókè, ẹ fi wọ́n wéra. Gígùn ìyẹ́ mítà 1.2 yóò rí bákan náà pẹ̀lú ìbú òṣùpá nígbà tó bá wà ní nǹkan bíi mítà 130 sí yín. Bí ìyẹ́ bá ti kéré ju òṣùpá lọ lójú yín, ẹ yí i padà kíá.

Onitsha wà ní nǹkan bí ìdíwọ̀n 6 sí òkè ìlà ìdajì ayé, nítorí náà alẹ́ níbí kì í pẹ́ ṣú bíi ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 sí 25 lọ kó tó di òkùnkùn. Ìgbà díẹ̀ yẹn ló dára jù fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, torí ó ṣì ń rí ara bàlúù, iná sì ti ń hàn. Afẹ́fẹ́ náà máa ń rọlẹ̀ lásìkò yẹn, torí ilẹ̀ tó ti gbóná lọ́sàn-án ti dẹ́kun títa ooru sókè. Lásìkò ọyẹ́, ẹ ṣọ́ra fún eruku tó máa ń bo iná mọ́lẹ̀.

Ẹ dákun, mo fẹ́ yà díẹ̀. Ìpínlẹ̀ Anambra yìí ti mọ bàlúù òru tipẹ́, kì í sì í ṣe eré. Ní Uli, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ihiala, wọ́n mú ojú títì ńlá kan fẹ̀ sí i nígbà ogun abẹ́lé, wọ́n sọ ọ́ di pápákọ̀ òfurufú. Láti ọdún 1968 títí di oṣù Kìíní ọdún 1970, àwọn bàlúù tó gbé oúnjẹ àti oògùn láti erékùṣù São Tomé àti Fernando Pó ń bọ̀ níbẹ̀ lóru nìkan, torí pé ọkọ̀ òfurufú ìjọba àpapọ̀ ń ṣọ́ wọn lọ́sàn-án. Àwọn tó ń gbé ohun ìjà náà ń gba ibẹ̀. Wọn kì í tan iná ojú ọ̀nà títí bàlúù yóò fi fẹ́ fẹsẹ̀ balẹ̀. Wọ́n á tàn án fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á sì pa á, torí pé bàlúù tó ń ju bọ́ǹbù wà lókè nínú òkùnkùn kan náà, tó ń dúró de iná yẹn. Àwọn awakọ̀ kú níbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ àánú kú níbẹ̀. Iná tó ń pe ọ̀rẹ́ wálé, òun kan náà ló ń júwe ilé fún ọ̀tá. Àwọn kan tó ń gbọ́ mi báyìí kì í ṣe ìwé ni wọ́n ti kà á.

Nítorí ìtàn yẹn àti nítorí ipò ààbò tí a wà, n kò ní dá ẹnikẹ́ni lámọ̀ràn pé kó kàn gbé nǹkan oníná sójú ọ̀run Onitsha lálẹ́. Àárín pápákọ̀ méjì ni ìlú yìí wà. Asaba wà lódì kejì odò Ọya. Ti Anambra wà ní Umueri, ibi tí bàlúù akérò ti bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀ láti ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 2021. Ọmọ ogun, ọlọ́pàá àti fijilanté ló ń ṣọ́ òru, wọn kò sì ní béèrè kí wọ́n tó fura. Láti ọdún 2016 ni NCAA, àjọ tó ń mójú tó ìrìnnà òfurufú, ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fò ọkọ̀ òfurufú aláìláwakọ̀, ìbáà jẹ́ ènìyàn ìbáà jẹ́ iléeṣẹ́, láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ wọn àti lọ́wọ́ ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ètò ààbò. Ní Amẹ́ríkà, láti oṣù Kẹrin ọdún 2021, ẹni tó bá ń fi drone ṣiṣẹ́ lóru gbọ́dọ̀ fi iná tó ń ṣẹ́jú sí i, èyí tí wọ́n lè rí láti máìlì 3. Ẹ kíyè sí i pé iná yẹn kò bá ẹni tó ń darí drone sọ̀rọ̀ rárá, àwọn awakọ̀ mìíràn tó wà lókè ló ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹni tí ìwé àṣẹ kò tíì tẹ̀ lọ́wọ́ tún ní ibòmíràn tó lè lọ, ibẹ̀ gan-an ni èmi sì fẹ́ràn jù: inú gbọ̀ngàn. Gbọ̀ngàn ilé-ìwé tàbí ti ìjọ yín, tí àjà rẹ̀ ga. Bàlúù ibẹ̀ gbọ́dọ̀ kéré gan-an, kí gbogbo rẹ̀ má ju gíráàmù 50 lọ, kí ìyẹ́ rẹ̀ jẹ́ fóòmù tín-ín-rín, bátìrì onílé kan, fóltì 3.7, àti LED bíi mẹ́fà tó ní resistor tirẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Yóò máa fò bí ẹni ń rìn, bó bá sì kọlu ògiri, kò ní ṣe ẹnikẹ́ni léṣe. Ẹ̀yin olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, ẹ lè kọ́ kíláàsì kan ní iná mànàmáná, ìwúwo àti àwọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lórí rẹ̀.

Bátìrì lithium ni kẹ́ ẹ fi ojú àgbà wò. Ẹ má gba ilé rẹ̀ kan láàyè kó ju fóltì 4.2 lọ, ẹ má jẹ́ kó lọ sísàlẹ̀ 3. Èyí tó bá wú, ẹ má tún lò ó mọ́. Inú ìkòkò amọ̀ tí yanrìn wà nítòsí rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti máa gba iná sí i, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ orí bẹ́ẹ̀dì, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ nígbà tí ẹ bá ń sùn.

Ní alẹ́ tí ẹ bá fẹ́ fò ó, ẹ kó àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kẹ́ ẹ ní kí àwọn ọmọ dúró sẹ́yìn ẹni tó di rìmóòtù mú, kí gbogbo wọn lè máa ka pupa àti àwọ̀ ewé láti apá kan náà. Ìṣòro kan ṣoṣo ni bí gbogbo gbọ̀ngàn yóò ṣe ṣókùnkùn, ní Nàìjíríà sì rèé, a kì í sanwó fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí iná kò bá lọ lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ rántí pa fáànù àjà kí ẹ tó gbé bàlúù sókè.